Máàpù ní omi wa kò léwu, àyẹ̀wò ní kòkòrò ìgbẹ́ wà nínú rẹ̀: èwo ni ká gbà?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé ní àdúgbò kan ní Kuje. Ọ̀kan nínú wa gbé máàpù kan wá sí ìpàdé, èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan yà nípa omi abẹ́lẹ̀ gbogbo Abuja. Àwọ̀ ewé ni wọ́n fi kun ọ̀dọ̀ wa, wọ́n ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé omi wa kì í tètè bàjẹ́. Apá Abaji ni wọ́n fi pupa kùn. Ṣùgbọ́n ní òjò tó kọjá yìí, ìgbẹ́ gbuuru mú àwọn ọmọ ní ilé mẹ́ta ní òpópónà wa. A gbé omi lọ fún àyẹ̀wò, wọ́n ní kòkòrò inú ìgbẹ́ wà nínú kànga méjì. Àwọn kan ní irọ́ ni máàpù. Àwọn kan ní ká dáwó, ká wá ẹni tí yóò ya tiwa. Báwo ni èèyàn ṣe ń jókòó ti kọ̀ǹpútà tó fi ń mọ ohun tó wà lábẹ́ ilẹ̀ tó fẹ̀ tó báyìí? Ṣé ká gbà á gbọ́?

ÌDÁHÙN: Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé, ẹ sì kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Máàpù yẹn lè tọ̀nà, kí kòkòrò ìgbẹ́ sì wà nínú kànga yín lóòótọ́, nítorí ohun tí máàpù ń sọ yàtọ̀ sí ohun tí àyẹ̀wò ń sọ. Ó ti tó ọdún mọ́kàndínlógún tí mo ti ń bá omi abẹ́lẹ̀ ṣiṣẹ́ ní Abuja àti káàkiri òkè ọya, mo sì ti bá wọn ya irú máàpù bẹ́ẹ̀ rí, nítorí náà n kò ní bú u. Ṣùgbọ́n mo mọ ibi tí àwọn èèyàn ti máa ń gbọ́ ohun tí máàpù ò sọ.

Ẹ rántí bí wọ́n ṣe ń sẹ́ ògì nílé. Àgbàdo lílọ̀ wà lókè, asẹ́ wà láàárín, ìkòkò wà nísàlẹ̀. Òjò tó bá rọ̀ máa ń kó ohun tó bá lójú ilẹ̀ wọlẹ̀, ìbáà ṣe ìgbẹ́ màlúù, ajílẹ̀, epo mọ́tò tàbí omi tó ń jò lábẹ́ àkìtàn. Omi soakaway àti ti ṣálángá náà ń bá a lọ. Gbogbo ilẹ̀ tó wà láàárín àwọn nǹkan wọ̀nyí àti omi abẹ́lẹ̀ ni asẹ́. Bí asẹ́ bá nípọn, tí ojú rẹ̀ há, èèrí á dúró lókè, àwọn kòkòrò á kú sójú ọ̀nà kí omi tó dé ìkòkò. Bí ó bá fẹ́lẹ́, tí ojú rẹ̀ là, ohun gbogbo ni yóò kọjá. Bí asẹ́ ilẹ̀ ṣe rí láti ibì kan dé ibòmíràn ni irú máàpù yẹn ń sọ. Kì í sọ ohun tí ẹ dà sórí asẹ́. Kì í sì í sọ bóyá ẹnì kan ti gba ẹ̀gbẹ́ asẹ́ da àgbàdo sínú ìkòkò tààrà, ohun tí mo sì fura sí ní òpópónà yín nìyẹn. N ó padà sí i.

Jean Margat, onímọ̀ omi abẹ́lẹ̀ kan ní ilẹ̀ Faransé, ni wọ́n ń ka èrò yìí sí lọ́wọ́. Ní 1968 ló ti ń sọ pé ilẹ̀ ò dọ́gba nínú bí wọ́n ṣe ń dáàbò bo omi tó wà lábẹ́ wọn, pé a sì lè yà á sórí máàpù kí ìjọba lè mọ ibi tí kò yẹ kí wọ́n da ìdọ̀tí sí. Ní 1987, ọ̀nà méjì tí ayé ṣì ń lò jù lọ jáde. Èkíní ni DRASTIC, tí àjọ tó ń bójú tó àyíká ní Amẹ́ríkà gbé jáde. Èkejì ni GOD, ti Stephen Foster, onímọ̀ omi abẹ́lẹ̀ kan. (Kì í ṣe Ọlọ́run ni wọ́n ń pè o. Lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni. Mo ti rí pásítọ̀ kan tó bínú sí i níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́.) Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ DRASTIC ni akẹ́kọ̀ọ́ yẹn lò, torí òun ni púpọ̀ nínú wọn ń lò, ẹ jẹ́ kí n tú u fún yín.

Ìbéèrè méje ni wọ́n ń bi ilẹ̀. Báwo ni omi ṣe jìn sí ojú ilẹ̀ tó? Èló nínú òjò ọdún kan ló ń rin wọlẹ̀ títí tó fi dé ọ̀dọ̀ omi? Irú òkúta tàbí yanrìn wo ló gbé omi náà dání? Irú ilẹ̀ wo ló wà lókè, níbi tí à ń gbin ẹ̀fọ́ sí? Ṣé ilẹ̀ náà dà gẹ̀rẹ́ ni àbí ó tẹ́ pẹrẹsẹ, tí òjò lè dúró lé? Kí ló wà láàárín ilẹ̀ òkè yẹn àti omi? Nígbà tí ẹ̀gbin bá sì ti dé inú omi, báwo ni omi náà ṣe ń yára rìn tó? Ìdáhùn kọ̀ọ̀kan á gba máàkì, láti 1 dé 10. Bí máàkì bá ṣe pọ̀ tó ni ilẹ̀ ṣe gbọ̀jẹ̀gẹ́ tó. Ṣùgbọ́n àwọn ìbéèrè náà ò wúwo bákan náà. Wọ́n á sọ máàkì jíjìn omi àti ti ohun tó wà láàárín di ìlọ́po 5, òjò tó ń wọlẹ̀ di ìlọ́po 4, ohun tó gbé omi dání àti ìyára omi di ìlọ́po 3, ilẹ̀ òkè di ìlọ́po 2, ti gẹ̀rẹ́ a sì dúró bó ṣe wà. Tí wọ́n bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ilẹ̀ tó le jù lọ láyé kò lè gbà kéré sí 23, èyí tó gbọ̀jẹ̀gẹ́ jù kò sì lè kọjá 230.

Kó lè yé wa, ẹ jẹ́ ká dán an wò lórí Kuje, pẹ̀lú iye tí mo kàn fi ṣe àpẹẹrẹ. Púpọ̀ nínú Abuja ló jókòó lórí òkúta àtayébáyé, ẹbí kan náà pẹ̀lú Aso Rock àti Zuma tó wà lẹ́bàá Suleja. Òkúta náà fúnra rẹ̀ kì í gba omi sára. Apá òkè rẹ̀ tó ti jẹrà di amọ̀ àti yanrìn ló ń gbà á, àti ojú tó là sínú òkúta nísàlẹ̀. Ká ní omi jìn tó mítà 11, ó gba 5, ó di 25. Ká ní mìlímítà 120 òjò ló ń wọlẹ̀ lọ́dún, ó gba 6, ó di 24. Òkúta tó jẹrà gba 4, ó di 12. Ilẹ̀ alámọ̀ lókè gba 3, ó di 6. Ilẹ̀ tó dà díẹ̀ gba 9. Amọ̀ tó wà láàárín gba 3, ó di 15. Omi tó ń rọra rìn gba 1, ó di 3. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 94.

Ẹ wá kọjá Kwali lọ sí Abaji. Ẹ ó kúrò lórí òkúta àtayébáyé yẹn bọ́ sórí òkúta yanrìn tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ fi orúkọ Nupe pè, tó gba ọ̀nà Bida wá. Ká mú ibi àfonífojì kan tí omi ò jìn ju mítà 4 lọ: 45. Mìlímítà 200 òjò ń wọlẹ̀: 32. Òkúta yanrìn ló gbé omi dání: 18. Yanrìn ló wà lókè: 18. Ilẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ: 10. Yanrìn tó da amọ̀ pọ̀ ló wà láàárín: 30. Omi ń rìn dáadáa: 12. Àròpọ̀ jẹ́ 165. Ìdí nìyẹn tí Abaji fi pupa tí Kuje fi ní àwọ̀ ewé. Irọ́ kankan ò sí níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n kò síbi tí DRASTIC ti sọ pé ẹni tó bá gba 94 lè mu omi rẹ̀ láìbẹ̀rù. Ẹni tó ya máàpù ló máa ń fúnra rẹ̀ pín máàkì sí àwọ̀, lọ́pọ̀ ìgbà nípa pípín gbogbo ilẹ̀ tó yẹ̀ wò sí ọ̀nà mẹ́rin tàbí márùn-ún. Àwọ̀ ewé yín kàn ń sọ pé asẹ́ yín dára ju ti àwọn yòókù tó wà lórí máàpù kan náà lọ. Bí wọ́n bá gé Kuje yọ, tí wọ́n da òun nìkan sínú kọ̀ǹpútà, apá kan nínú rẹ̀ á di pupa láìjẹ́ pé nǹkankan yí padà nínú ilẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ ka gbólóhùn yẹn sétígbọ̀ọ́ àwọn tó ń jà nípàdé.

Ẹ béèrè bí wọ́n ṣe ń mọ̀ ọ́n láti orí kọ̀ǹpútà. Wọn kì í mọ̀ ọ́n láti orí kọ̀ǹpútà, bí ẹni náà bá ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ. Jíjìn omi, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń wá a. Wọ́n á máa lọ láti kànga dé kànga pẹ̀lú okùn ìwọn tó ń dún bí ẹnu rẹ̀ bá kan omi, wọ́n á bẹ onílé pé kó má tíì fa omi láàárọ̀ yẹn kí omi lè jókòó síbi tó yẹ kó wà. Àwọn tí kò bá lówó àti àkókò á gba ìwé lọ́wọ́ àwọn tó gbẹ́ borehole. Ẹ gbọ́, n kò fọkàn tán ìwé yẹn. Mo ti ju okùn sínú borehole tí wọ́n kọ mítà 60 sí lórí ìwé, tí owó 60 sì ti jáde lápò onílé, okùn mi kanlẹ̀ ní mítà 38. Irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ ló ń wọnú máàpù, tí á tún wá ní àwọ̀ tó rẹwà.

Abuja lé ní 7,000 kìlómítà níbùú-lóòró. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá rí kànga 150 wọ̀n, iṣẹ́ ńlá ló ṣe o, ó yẹ ká kí i. Ṣùgbọ́n ìyẹn ni pé kànga kan ń sọ̀rọ̀ lórúkọ ilẹ̀ tó tó kìlómítà 50 níbùú-lóòró. Kọ̀ǹpútà á wá fojú bu ohun tó wà láàárín kànga kan àti èkejì, bí ìgbà tí èèyàn tọ́ ọbẹ̀ wò ní igun méjì ìkòkò tó sì sọ bí àárín rẹ̀ ṣe rí. Ó máa ń bọ́ sí i níbi tí ilẹ̀ bá jọra. Níbi tí òkúta bá ti wọ abẹ́ ilẹ̀ bíi Kuje àti Bwari, ilé méjì tó fẹ̀yìn tira lè ní omi ní jíjìn tó yàtọ̀ pátápátá, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ṣé kì í ṣe ọ̀kan ló ń gbẹ́ tó rí omi, tí ẹnì kejì gbẹ́ tó bá òkúta gbígbẹ?

Oṣù tí wọ́n wọn omi náà tún ṣe pàtàkì ju bí àwọn èèyàn ṣe rò lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ máa ń jáde lọ wọn kànga ní ọ̀gbẹlẹ̀, nítorí ọ̀nà dára, ẹrẹ̀ ò sí. Ní oṣù kẹrin, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ dáadáa, omi lè wà ní mítà 11. Ní oṣù kẹsàn-án, omi kan náà lè ti gòkè wá sí mítà 4. Ẹ padà sí ìṣirò wa: 25 tó wà fún jíjìn á di 45, Kuje á sì ti 94 gòkè sí 114 láìkúrò lójú kan. Ìsàlẹ̀ ṣálángá tí omi jìnnà sí tẹ́lẹ̀ á wá fẹ́rẹ̀ẹ́ wà nínú omi. Àwọn ọmọ yín ò ṣàìsàn ní ọ̀gbẹlẹ̀, òjò ni, àbí?

Èló nínú òjò ló ń wọlẹ̀? Ìbéèrè yìí ló le jù, òun náà ló sì dùn mọ́ mi jù. Ẹnikẹ́ni ò lè fojú rí i. Ọgbọ́n kan tí a ń dá ni ti iyọ̀. Bí ọbẹ̀ bá hó títí omi rẹ̀ fi ku ìdá kan nínú mẹ́wàá, iyọ̀ rẹ̀ á le ní ìlọ́po mẹ́wàá, torí omi ló ń fẹ́ lọ, iyọ̀ kì í bá a lọ. Òjò náà ní iyọ̀ díẹ̀ nínú. Oòrùn àti ewéko á fa omi lọ, iyọ̀ á ṣẹ́kù, á bá ìwọ̀nba omi tó ṣẹ́kù wọlẹ̀. Bí iyọ̀ inú òjò bá jẹ́ ìdajì mìlígíráàmù nínú lítà kan, tí ti omi abẹ́lẹ̀ sì jẹ́ 5, ìdá kan nínú mẹ́wàá òjò ló dé ìsàlẹ̀ nìyẹn. Níbi tí òjò ọdún kan bá jẹ́ mìlímítà 1,400, mìlímítà 140 ló wọlẹ̀. Ó rọrùn, kò wọ́n owó, ó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa ní oko. Ṣùgbọ́n ẹ gbé e wá sí Nyanya tàbí Karu, á tan èèyàn jẹ. Ìtọ̀ àti omi ìfọṣọ ní iyọ̀ tó pọ̀, soakaway sì ń rọ ọ́ wọlẹ̀ tọ̀sán tòru. Iyọ̀ inú kànga á ga, ìṣirò á wá sọ pé òjò kékeré ló ń wọlẹ̀, máàkì á wálẹ̀, àwọ̀ á di ewé. Ìdọ̀tí gan-an ló wá sọ ilẹ̀ di mímọ́ lórí ìwé! Mo ti rí i tó ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó yẹ kó mọ̀.

Ti gẹ̀rẹ́ ilẹ̀, ọkọ̀ òfuurufú Amẹ́ríkà kan ti fi ẹ̀rọ rédà wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ayé láti ojú sánmà ní oṣù kejì 2000, ọ̀fẹ́ sì ni. Máàpù òkúta, àjọ ìjọba tó ń ṣèwádìí ilẹ̀ ní in. A ò ní jókòó lórí ìyẹn.

Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Lẹ́yìn ìbéèrè méje yẹn, ohun tó kù ló pọ̀ jù, ní ilẹ̀ olókùúta ní pàtàkì. Àkọ́kọ́ ni ojú tó là nínú òkúta. DRASTIC rò pé omi ń gba inú ilẹ̀ kọjá bí ó ṣe ń gba inú asẹ́. Ojú òkúta tó là ni ibi tí asẹ́ ti ya. Ní Jámánì, wọ́n máa ń pààlà yí kànga ìlú ká lọ́nà tó jẹ́ pé ohun tó bá wọ omi lẹ́yìn ààlà náà gbọ́dọ̀ rìn tó ọjọ́ 50 kó tó dé kànga, nítorí púpọ̀ nínú kòkòrò ìgbẹ́ á ti kú kí ọjọ́ yẹn tó pé. Nínú amọ̀, ọjọ́ 50 lè má ju mítà díẹ̀ lọ. Nínú òkúta tó là, omi lè rin ọ̀pọ̀ mítà ní ọjọ́ kan. Àwọn tó mọ iṣẹ́ wọn dunjú máa ń wo àwòrán sátẹ́láìtì fún ìlà tí òkúta ti là, wọ́n á fi kún un bí ìbéèrè kẹjọ. Ẹ bi akẹ́kọ̀ọ́ yẹn bóyá ó ṣe é.

Èkejì ni májèlé tí ẹnikẹ́ni ò dà sílẹ̀. Ní Kaltungo ní Gombe àti ní Langtang ní Plateau, fluoride tó ti inú òkúta jáde wá ló ń sọ eyín àwọn ọmọ di aláwọ̀ ilẹ̀. Àjọ ìlera àgbáyé ní kó má ju mìlígíráàmù 1.5 lọ nínú lítà kan. Ilẹ̀ lè gba máàkì tó kéré jù lọ lórí DRASTIC kí irú omi bẹ́ẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀, nítorí ohun tó bá ti òkè wá nìkan ni asẹ́ lè dí lọ́nà.

Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ báyìí, ẹ lè rò pé n kò rí ire kankan nínú máàpù náà. Rárá o. Ẹ mú gbogbo òkè ọya lápapọ̀. Ní Maiduguri, amọ̀ tó nípọn gan-an bo omi àárín, tó fi jẹ́ pé ohun tó bá ba omi òkè jẹ́ kì í tètè kan èyí tó wà nísàlẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ Sokoto, ibì kan wà tó jẹ́ òkúta ẹfun, tí wọ́n fi orúkọ Kalambaina pè. Òkúta ẹfun máa ń yòrò, ó máa ń dá ihò sínú, omi á sì máa sáré nínú rẹ̀. Ẹni tó ní owó àkìtàn ìgbàlódé kan ṣoṣo láti kọ́, tàbí tó fẹ́ fún ilé epo mẹ́wàá níwèé àṣẹ, ó yẹ kó ti wo máàpù kó tó fọwọ́ síwèé. Iṣẹ́ tí Margat ní lọ́kàn nìyẹn. Ibi tí ilẹ̀ ti gbọ̀jẹ̀gẹ́, tí èèyàn ò tíì débẹ̀, ni a lè dáàbò bò lówó pọ́ọ́kú. Àánú Abaji ń ṣe mí ju Kuje lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí, torí ìlú ń nà lọ síbẹ̀ pẹ̀lú irú soakaway kan náà.

Bí ẹ bá bi èmi, GOD ni mo fẹ́ràn jù fún ilẹ̀ wa. Ìbéèrè mẹ́ta péré ló ń béèrè: ṣé amọ̀ bo omi náà mọ́lẹ̀, irú ohun wo ló wà lórí rẹ̀, báwo ló ṣe jìn tó. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí rẹ̀, wọ́n ní ó ti rọrùn jù. Èsì mi ni pé nọ́ńbà mẹ́ta tí mo mọ̀ sàn ju méje tí mo fojú bù mẹ́rin nínú rẹ̀.

Ẹni tó bá ya máàpù tán gbọ́dọ̀ dán an wò. Nitrate ni a sábà fi ń dán an wò, torí inú ìgbẹ́, ìtọ̀ àti ajílẹ̀ ló ti ń wá, ilẹ̀ kì í sì dí i lọ́nà bí ó ṣe ń dí kòkòrò. Tí kànga tó wà níbi pupa bá ní nitrate ju ti ibi àwọ̀ ewé lọ, wọ́n á ní máàpù jẹ́ òótọ́. Èsì yẹn sábà máa ń dojú rú ní Abuja, kì í sì í ṣe ẹ̀bi ilẹ̀. Inú ìlú gan-an, bíi Garki àti Wuse, ní páìpù ìdọ̀tí ti ìjọba. Ní Kuje, Lugbe, Dutse Alhaji, Jikwoyi, oníkálukú ló gbẹ́ tirẹ̀ sẹ́yìn ilé. Asẹ́ yín lè dára ju ti Abaji lọ ní ìlọ́po méjì, kí ohun tí ẹ ń dà sórí rẹ̀ sì jẹ́ ìlọ́po ogún.

Ẹ jẹ́ ká wá sí òpópónà yín. Ohun tí a máa ń sọ fún àwọn èèyàn ni pé kí kànga jìnnà tó mítà 30 sí soakaway, kí ìsàlẹ̀ ṣálángá sì fi ó kéré tán mítà kan ààbọ̀ ga ju omi lọ. Ó dáa. Púlọ́ọ̀tì tí ẹ rà, bí kì í bá ṣe ti ọlọ́lá, 50 nípa 100 ẹsẹ̀ bàtà ni, ìyẹn mítà 15 nípa 30. Láti igun kan dé igun tó dojú kọ ọ́ pátápátá kò ju mítà 34 lọ. Ẹni tó bá ní kànga ní igun iwájú ní láti gbẹ́ soakaway sí igun ẹ̀yìn gan-an kó tó lè pa òfin mọ́. Ṣùgbọ́n aládùúgbò rẹ̀ ńkọ́? Òun náà ti gbẹ́ tirẹ̀ sí ara fẹ́ńsì, mítà 8 sí kànga ẹni àkọ́kọ́. Ẹyọ ẹnì kan ò lè dá pa òfin yìí mọ́ lórí púlọ́ọ̀tì kan. Òpópónà ló lè pa á mọ́, bí gbogbo yín bá fẹnu kò pé iwájú ni kànga, ẹ̀yìn ni soakaway, tí àwọn tó kọ ẹ̀yìn sí yín ní òpópónà kejì náà sì ṣe bẹ́ẹ̀, kí àwọn soakaway lè kọ ẹ̀yìn síra. Fún ilé tí wọ́n ti kọ́ tán, ó ti pẹ́ jù. Fún púlọ́ọ̀tì tó ṣófo ní òpópónà yín, kò tíì pẹ́, ẹ̀yin akọ̀wé sì lágbára láti gbé ọ̀rọ̀ náà sí ìpàdé kí oníbíríkì tó dé.

Ohun tí mo kọ́kọ́ fura sí ni ẹnu kànga fúnra rẹ̀. Kòkòrò ìgbẹ́ tó dé kíákíá lẹ́yìn òjò ńlá kì í sábà ti inú ilẹ̀ mítà mẹ́wàá wá. Ó gba ẹ̀gbẹ́ asẹ́ ni. Ẹ lọ wo àwọn kànga méjì náà lọ́jọ́ tí òjò bá ń rọ̀. Ṣé ríìngì òkè ga ju ilẹ̀ lọ, àbí àgbàrá ń wọ̀ ọ́? Ṣé ìdérí wà? Ṣé orí ilẹ̀ ni okùn àti ìfami ń sùn, níbi tí adìyẹ ń rìn? Bó bá jẹ́ borehole, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó gbẹ́ ẹ bóyá ó fi sìmẹ́ǹtì dí àyè tó wà láàárín casing (páìpù tí wọ́n fi sínú ihò borehole) àti ilẹ̀ láti òkè wá. Púpọ̀ nínú wọn, ilẹ̀ tí wọ́n hú jáde ni wọ́n kàn ń tì padà, òjò á sì máa bá ara casing wọlẹ̀ bí omi tó ń ṣàn lára ògiri. Kọnkéré tó fẹ̀ yí ẹnu kànga ká, tó dà síta kí omi lè ṣàn lọ, sìmẹ́ǹtì tó dí ẹ̀gbẹ́ casing, ìdérí tó ní kọ́kọ́rọ́: kò sí èyí tó wọ́n tó ẹni tí yóò ya máàpù. Lẹ́yìn àtúnṣe, ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ ìwọ̀n rẹ̀ fi klorín fọ kànga náà, kí ẹ sì máa se omi mímu títí àyẹ̀wò tuntun á fi dé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún àwọn ìyá ọmọ jòjòló pé omi sísè ń pa kòkòrò, ṣùgbọ́n kì í mú nitrate kúrò. Bí ẹ bá ṣe ń sè é tó ni nitrate rẹ̀ ń le sí i, bíi ti iyọ̀ ọbẹ̀ yẹn. Ọmọ tí kò tíì tó oṣù mẹ́fà, tí wọ́n ń fi omi tí nitrate rẹ̀ ju mìlígíráàmù 50 lọ nínú lítà kan po mílíìkì fún, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè má gbé afẹ́fẹ́ mọ́ dáadáa, ètè rẹ̀ á dúdú bí aró. Títí ẹ ó fi mọ ti yín, ẹ wá omi mìíràn fún àwọn yẹn. Tí mai ruwa, ẹni tó ń ta omi kiri, bá sì ń gbé e wá, ẹ bi í níbi tó ti ń pọn ọ́n.

Owó tí ẹ fẹ́ dá, ẹ dá a, ṣùgbọ́n ẹ má fi ya máàpù. Àwọn nọ́ńbà tí wọn yóò lò ò ní yàtọ̀ sí èyí tó wà nílẹ̀, òpópónà kan sì kéré jù fún un. Ẹ fi ra okùn ìwọn kan. Kí ọ̀dọ́ méjì máa wọn kànga mẹ́wàá ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan, láàárọ̀ kùtù kí ẹnikẹ́ni tó fa omi, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé. Lẹ́yìn ọdún kan, ẹ ó mọ oṣù tí omi yín ń súnmọ́ ìsàlẹ̀ ṣálángá, ohun tí ẹni tó ya máàpù gbogbo Abuja ò lè mọ̀. Ẹ fi ìyókù ṣe àyẹ̀wò lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún: lẹ́yìn òjò ńlá àkọ́kọ́, àti ní oṣù kẹsàn-án. Kí wọ́n wo E. coli, ìyẹn kòkòrò inú ìgbẹ́, tí kò gbọ́dọ̀ sí rárá nínú mìlílítà 100, kí wọ́n sì wo nitrate. Inú kànga tàbí ẹnu páìpù borehole ni kí ẹ ti bu omi, kì í ṣe láti inú táǹkì orí òrùlé, torí ẹyẹ náà ń lo táǹkì. Ìgò tí ilé àyẹ̀wò bá fún yín ni kí ẹ lò, kì í ṣe ike omi tí ẹ mu tán. Kí ó wà lórí yìnyín, kó sì dé ọ̀dọ̀ wọn lọ́jọ́ náà gan-an. Tí ẹ bá bu ú ní ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀, ẹ ó bá ilẹ̀kùn wọn ní títì.